Kábà Eleonora: Bí a ṣe lè rán aṣọ ìgbà Rẹnẹsáǹsì nílé ara wa

Ẹ̀yin àgbà tẹ́ ẹ wà ní ìjókòó, ẹ̀yin télọ̀, ẹ̀yin ọmọ iṣẹ́ tẹ́ ẹ gbé ìwé àti bírò dání, mo kí yín. Ẹ kú ìjókòó o.

Wọ́n ní kí n wá sọ̀rọ̀ lórí bí èèyàn ṣe lè jókòó sílé rẹ̀ kó sì rán kábà irú èyí tí àwọn obìnrin Yúróòpù ń wọ̀ nígbà Rẹnẹsáǹsì, ìgbà ìsọjí ẹ̀kọ́ àti iṣẹ́ ọnà níbẹ̀. Ìgbà náà gùn, ilẹ̀ rẹ̀ sì fẹ̀. Aṣọ Venice yàtọ̀ sí aṣọ London, èyí tí wọ́n wọ̀ ní 1480 kò jọ èyí tí wọ́n wọ̀ ní 1580. Ẹni tó bá fẹ́ rán gbogbo rẹ̀ pọ̀ mọ́ra, aṣọ eré orí ìtàgé tí kò ní ìlú ló máa rán. Nítorí náà mo mú ìlú kan, obìnrin kan, aṣọ kan: Florence nílẹ̀ Ítálì, Eleonora ti Toledo, àti kábà tí wọ́n fi sin ín ní 1562.

Sípéènì ni wọ́n bí Eleonora sí ní 1522. Bàbá rẹ̀, Pedro, ló ń ṣàkóso Naples lórúkọ ọba Sípéènì. Ní 1539 ó di ìyàwó Cosimo de' Medici, olórí Florence, ó sì bí ọmọ mọ́kànlá fún un. Ní nǹkan bí 1545, Bronzino, ayàwòrán kan ní Florence, ya àwòrán Eleonora àti Giovanni ọmọ rẹ̀, àwòrán náà sì wà ní ilé àwòrán Uffizi ní Florence títí dòní. Ẹ ti rí i ríí, bí ẹ kò tilẹ̀ mọ orúkọ rẹ̀: ṣẹ́dà funfun, iṣẹ́ ọnà dúdú tó lọ́ mọ́ra wọn, èso pómégíránátì olówùú wúrà gbàràmù láàárín àyà, àti àwọ̀n wúrà lórí èjìká. Ní ìparí 1562, ibà pa Giovanni, ó pa Garzia àbúrò rẹ̀, ó sì pa ìyá wọn náà ní Pisa ní oṣù Kejìlá. Láàárín oṣù kan péré ni gbogbo rẹ̀ ṣẹlẹ̀.

Ní 1857 wọ́n ṣí ibojì àwọn Medici ní ṣọ́ọ̀ṣì San Lorenzo, wọ́n sì bá aṣọ lára òkú Eleonora. Ó pẹ́ tí àwọn èèyàn fi gbà pé aṣọ inú àwòrán Bronzino ni wọ́n wọ̀ fún un lọ sí sàréè. Ìgbà tí àwọn tó mọ iṣẹ́ ìtọ́jú aṣọ àtijọ́ wá fara balẹ̀ tú u wò ni wọ́n rí i pé aṣọ mìíràn ni. Sátínì ni, funfun ni nígbà ayé rẹ̀ kí ilẹ̀ tó sọ ọ́ di aláwọ̀ ilẹ̀, wọ́n sì fi ọ̀já àrán tí wọ́n ṣe iṣẹ́ ọnà sí lára yí etí rẹ̀ ká. Ó wà ní Palazzo Pitti báyìí, ilé tí Eleonora fúnra rẹ̀ rà.

Èmi fẹ́ràn aṣọ ibojì yẹn ju aṣọ inú àwòrán lọ, mo sì fẹ́ kí ẹ̀yin náà fẹ́ràn rẹ̀. Bronzino mọ bí iná ṣe ń kọ lára ṣẹ́dà, ṣùgbọ́n kò sí ibì kankan tó ti yà bí wọ́n ṣe so ọwọ́ aṣọ mọ́ èjìká, tàbí ibi tí okùn ẹ̀yìn gbà kọjá. Aṣọ tó jẹrà ní ibojì, tí ó fọ́ wẹ́wẹ́ bí ewé gbígbẹ, ó sọ gbogbo èyí fún ẹni tó bá mọ̀ ọ́n kà. Obìnrin Gẹ̀ẹ́sì kan, Janet Arnold, tó fi ayé rẹ̀ wo inú aṣọ àtijọ́, wọn aṣọ náà, ó sì ya bí wọ́n ṣe gé e sínú ìwé ní 1985. Ọ̀pọ̀ nínú wa tó ń rán irú aṣọ yìí lónìí, ọ̀dọ̀ rẹ̀ la ti kọ́ ọ, yálà a mọ̀ ọ́n lórúkọ tàbí a kò mọ̀ ọ́n.

Ẹ jẹ́ kí n sọ kókó ọ̀rọ̀ mi kí n tó mú abẹ́rẹ́. Lásìkò Eleonora, owó wà lára aṣọ. Owó iṣẹ́ télọ̀ kéré gan-an sí iye tí wọ́n ra aṣọ. Lónìí, aṣọ pọ̀ nígboro, iṣẹ́ ọwọ́ ló wọ́n. Gbogbo ohun tó máa yà yín lẹ́nu nípa kábà yìí, bí wọ́n ṣe gé e, bí wọ́n ṣe fi ọwọ́ rán an, bí wọ́n ṣe ń tú u palẹ̀ tí wọ́n tún ń fi rán òmíràn, ibẹ̀ ló ti wá. Ẹ rò ó wò ná: kòkòrò ló pọ ṣẹ́dà, obìnrin ló tú u lọ́kọ̀ọ̀kan nínú omi gbígbóná, aláró pa á láró, ahunṣọ wá fi ọwọ́ hun ún. Ní ti àrán, ahunṣọ gbọ́dọ̀ máa ki irin tẹ́ẹ́rẹ́ sábẹ́ òwú, kó sì máa gé orí òwú náà lọ, ìlà kan tẹ̀ lé ìlà kan. Pupa tó jinlẹ̀ jù, ara kòkòrò tí wọ́n ń pè ní kermes ni wọ́n ti ń yọ ọ́, kí òmíràn tó bẹ̀rẹ̀ sí í dé láti Mẹ́síkò lẹ́yìn tí àwọn ará Sípéènì ṣẹ́gun ibẹ̀ ní 1521. Ta ló máa ná irú owó bẹ́ẹ̀ tán tí yóò gé aṣọ náà ní ìgékúgèé?

Nítorí náà ni Juan de Alcega, télọ̀ kan ní Sípéènì, ṣe tẹ odindi ìwé jáde ní Madrid ní 1580 lórí bí èèyàn ṣe ń to gé-gé aṣọ sórí aṣọ kí nǹkan kan má ṣòfò. Kò fi bẹ́ẹ̀ sọ̀rọ̀ lórí bí a ṣe ń ki abẹ́rẹ́ bọ aṣọ. Èyí tó kà sí iṣẹ́ tó le ni gígé.

Aṣọ náà kò sì fẹ̀. Ní Florence, ìbú ṣẹ́dà sún mọ́ braccio kan, ìwọ̀n ìlú náà tó tó sẹ̀ǹtímítà 58, ìyẹn ínṣì 23. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ dàgbà sí ìdí òfì mọ ohun tí mò ń sọ. Ìbú òfì kéré sí ìyẹn jìnnà, síbẹ̀ ọgbọ́n kan náà ni: bí aṣọ bá tẹ́ẹ́rẹ́, ojú rírán ló máa sọ bí ẹ̀wù ṣe máa rí, kì í ṣe sísọ́ọ̀sì. A kì í gé òfì ní kọ́rọ́kọ̀rọ̀. A máa ń tò ó ni. Télọ̀ Florence náà tò ó ni. Ẹni tó bá fi èyí sọ́kàn kò ní ra páálí àwòṣe aṣọ láti ọjà, torí irú páálí bẹ́ẹ̀, aṣọ tó fẹ̀ ní ínṣì 60 ló ń rò, síìpù ló sì máa ń parí sí.

Ẹ jẹ́ ká sọ ti irú aṣọ tí a máa lò. Mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbọ́ ṣẹ́dà kó wá ká ọwọ́ kò. Òfin wà nígbà náà tó ń sọ ẹni tó lè wọ àrán àti ẹni tí kò lè wọ̀ ọ́, ní Florence àti ní ọ̀pọ̀ ibòmíràn. Ọbabìnrin Elizabeth ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà ṣe irú rẹ̀ ní 1574. Ìyàwó oníṣòwò, ìyàwó akọ̀wé, irun àgùntàn dáadáa ni wọ́n ń wọ̀, bí wọ́n sì ṣe gé tiwọn kò fi bẹ́ẹ̀ jìnnà sí ti ìyàwó olórí ìlú. Nílé wa níbí, ohun tí mo máa ń sọ fún èèyàn ni pé kó sá fún sátínì oníke tó ń dán yanranyanran, tó ń yọ̀ bọ́rọ́ lọ́wọ́. Kò ní ìwúwo, ooru rẹ̀ sì pọ̀. Gíní tó nípọn, aláwọ̀ kan, tí iṣẹ́ rẹ̀ wà lára híhun rẹ̀, dára jù ú lọ fíìfíì, nítorí dámásíìkì ni gíní, ọgbọ́n híhun yẹn gan-an ni àwọn ará Ítálì fi ń hun ṣẹ́dà wọn. Ó dúró, ó ń dún nígbà tí èèyàn bá rìn, òógùn kò sì bà á jẹ́. Fún ọ̀já etí aṣọ, ẹ ra àrán díẹ̀. Yáàdì kan tó.

Ní ti ṣẹ́dà, ọ̀nà kan wà tí tiwọn fi kan tiwa. Òwú ṣẹ́dà pupa tí àwọn ìyá ńlá wa ń fi hun àlàárì, láti ìhà òkun Mẹditaréníà ló ti ń wá, tí àwọn oníṣòwò ń gbé e la aṣálẹ̀ Sàhárà kọjá. Bẹ́ẹ̀ ni, ṣẹ́dà òkè òkun ti pẹ́ lára aṣọ wa ju ọkọ̀ òfúrufú lọ.

Ó yá, ibo la ti máa bẹ̀rẹ̀? Inú ni. Ẹni tó bá kọ́kọ́ rán kábà kó tó rán ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀, yóò tún un rán ni, torí kábà yìí kò ní ìrísí tirẹ̀. Ohun tó wà nísàlẹ̀ ló fún un ní ìrísí.

Ṣìmí ló kan ara. Aṣọ ọ̀gbọ̀ funfun ni wọ́n fi ń rán an, nítorí òun ni wọ́n ń fọ̀. Ṣẹ́dà kì í rí omi. Òun ló ń gba òógùn àti ọ̀rá ara kí wọ́n má baà dé ara aṣọ olówó. Bí ọ̀gbọ̀ bá wọ́n jù lọ́jà, ẹ lo òwú funfun tó fẹ́lẹ́ tí kò ní ike nínú. Yáàdì méjì aṣọ onínṣì 60 á tó obìnrin tí àyà rẹ̀ kò ju ínṣì 40 lọ, mo sì fẹ́ fi hàn yín bí ó ṣe tó, nítorí ibẹ̀ lẹ ti máa rí ọgbọ́n àwọn èèyàn yẹn.

Ẹ wọn ínṣì 45 ní gígùn, kí ẹ sì gé aṣọ náà kọjá ní ìbú. Ẹ pín ìbú rẹ̀ sí méjì, ọgbọ̀n ínṣì ọgbọ̀n ínṣì. Ọ̀kan ni iwájú, ọ̀kan ni ẹ̀yìn. Ẹ tún wọn ínṣì 24 ní gígùn. Nínú ìbú ínṣì 60 yẹn, ẹ yọ ọwọ́ aṣọ méjì tí ọ̀kọ̀ọ̀kan fẹ̀ ní ínṣì 24. Ó ṣẹ́ ku ìrépé tó fẹ̀ ní ínṣì 12, tó sì gùn ní 24. Nínú rẹ̀ lẹ ti máa gé onígun mẹ́rin méjì, ínṣì mẹ́fà mẹ́fà, fún abíyá, ìyókù sì di ọ̀já ọrùn àti ti ọrùn ọwọ́. Ínṣì 69 péré lẹ ti lò, ẹ kò sì ju nǹkan kan nù. Kò sí ibì kan tó yí róbótó nínú gbogbo ohun tí ẹ gé. Ọrùn pàápàá, a kì í gbẹ́ ẹ.

Báwo ni yóò ṣe wá ní ọrùn? Ẹ mú ọwọ́ aṣọ kan, kí ẹ fi ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kan iwájú, ẹ̀gbẹ́ kejì kan ẹ̀yìn, kí ẹ rán an láti òkè wá sí ìsàlẹ̀ bí ínṣì mẹ́jọ. Ibi tí ojú rírán yẹn parí sí ni abíyá. Ẹ fi onígun mẹ́rin náà sí ibẹ̀ ní ìdàbùú, kí igun rẹ̀ kan wà lókè, kí àwọn etí rẹ̀ so ọwọ́ aṣọ mọ́ ara aṣọ. Òun ló ń jẹ́ kí èèyàn gbé apá sókè láìfa aṣọ ya. Lẹ́yìn náà, ẹ rán ẹ̀gbẹ́ ọwọ́ àti ẹ̀gbẹ́ ara délẹ̀. Etí òkè gbogbo rẹ̀ wá di òbìrí kan: 30 níwájú, 30 lẹ́yìn, 24 ní ọ̀tún, 24 ní òsì, gbogbo rẹ̀ 108. Ẹ fi òwú méjì tàbí mẹ́ta gún un yí ká, kí ẹ fà á jọ títí yóò fi kù bí ínṣì 38, kí ẹ fi ọ̀já tẹ́ẹ́rẹ́ dì í lórí. Ọrùn ti dé. Bí ẹ bá fẹ́ kó ṣí sílẹ̀ dé èjìká, ẹ jẹ́ kí ọ̀já gùn sí i. Bí ẹ bá fẹ́ kó bo àyà, ẹ jẹ́ kó kúrú. Àkókò tí mo fi ń bá ṣìmí yìí jà pọ̀ ju ti kábà lọ, kò sì dùn mí, nítorí funfun rẹ̀ ló máa yọ jáde ní ọrùn, ní èjìká àti lójú ihò ọwọ́ kábà. Ṣìmí tí kò dára máa ń ba kábà tó dára jẹ́.

Lábẹ́ kábà, lórí ṣìmí, Eleonora wọ ìkọ́yà àrán pupa kan, ẹ̀wù àyà tó fún mọ́ra, tó fi ìkọ́ há níwájú. Ẹni tó bá fẹ́ rán gbogbo ìpele náà lè rán tirẹ̀. Fún aṣọ àkọ́kọ́, ẹ lè fò ó, kí ẹ fi agbára yín sí àyà kábà fúnra rẹ̀.

Àyà kábà ni ọ̀pọ̀ télọ̀ wa máa ń gbà sódì, mo sì mọ ìdí rẹ̀. Ní àsìkò yìí, kò sí òde ìgbéyàwó tí a kì í ti rí aṣọ tí wọ́n ki bóònù (ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ tó ń mú aṣọ le) bọ̀, tí ó fún ìbàdí mọ́, tí ó ti ọmú sókè bí ife. Iṣẹ́ ńlá ni, mo sì ń yìn ín. Ṣùgbọ́n ìrísí ọ̀rúndún kọkàndínlógún ló jọ. Obìnrin Florence ní 1560 kò ní ìbàdí tẹ́ẹ́rẹ́ lójú aṣọ. Àyà rẹ̀ tẹ́jú bí pátákó láti ọrùn dé ìsàlẹ̀ ikùn, ó sì wá sí ṣóńṣó díẹ̀ níwájú. Kò sí dáàtì, ìṣẹ́po tí télọ̀ fi ń mú aṣọ bá ara mu, nínú rẹ̀. Kò sí bóònù. Ohun tó mú un dúró ni ìpele aṣọ lórí ìpele aṣọ.

Bí mo ṣe máa ń ṣe é nìyí. Kí ẹni tó máa wọ aṣọ wọ ṣìmí rẹ̀ ná. Ẹ mú òwú funfun tó nípọn, kí ẹ wé e mọ́ ọn láyà, kí ẹ fi píìnì dì í títí yóò fi tẹ́ láìní kókó. Ẹ má fa ìbàdí. Ẹ jẹ́ kí aṣọ gbé ọmú sókè díẹ̀ kó sì tẹ́ ẹ. Ẹ fi ṣọ́ọ̀kì ya ọrùn: ó lọ gbọọrọ níwájú, ó sún mọ́ etí èjìká. Ẹ ya ojú rírán ẹ̀gbẹ́ sí ẹ̀yìn díẹ̀, kó má bọ́ sí abẹ́ apá gan-an. Ibẹ̀ lokùn máa wà, ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. Àwọn télọ̀ ìgbà náà kò ní téèpù oníwọ̀n. Ọ̀já ìwé tàbí awọ ni wọ́n fi ń wọn oníbàárà, tí wọ́n á sì fi sísọ́ọ̀sì ta àmì sí i lára: àmì yìí fún àyà, tọ̀hún fún apá. Ọ̀já ẹnìkan kò wúlò fún ẹlòmíràn. Mo gba ọmọ iṣẹ́ nímọ̀ràn kó gbìyànjú rẹ̀ wò, nítorí ó ń jẹ́ kí ojú wo ara èèyàn dípò kó máa wo nọ́ńbà.

Lẹ́yìn tí ẹ bá tú u sílẹ̀, ẹ gé e kúrú ní ínṣì kan ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Àyè yẹn ni okùn yóò máa fà pa dé. Bí aṣọ bá ti kanra kí okùn tó wọ̀ ọ́, kò sí ohun tí okùn náà máa ṣe mọ́.

Ìpele mẹ́rin ni mo máa ń lò: aṣọ ojúde, ìpele nínípọn méjì láàárín, àti aṣọ òwú rírọ̀ nínú. Ẹni tó bá ní ògbólógbòó kíjìpá nínú àpótí ìyá rẹ̀ tó ti gbó kọjá wíwọ̀, ibi tó ti lè wúlò nìyí. Àwọn ará Yúróòpù máa ń fi gọ́ọ̀mù mú ọ̀gbọ̀ le. Sítáàṣì ẹ̀gẹ́ lè ṣe irú iṣẹ́ yẹn, ṣùgbọ́n nínú ooru wa, òógùn á sọ ọ́ di rírọ̀ kí ayẹyẹ tó gbóná. Ohun tó dára jù ni kí ẹ fi ọwọ́ gún ìpele méjì àárín pọ̀ mọ́ra, ní ìlà ìdàbùú tó sún mọ́ra wọn, láti òkè délẹ̀. Bí ẹ bá gún un tán, ẹ gbé e dúró sórí tábìlì: ó yẹ kó lè dá dúró díẹ̀. Iṣẹ́ tó ń mú ìka dun ni. Kò sí ohun tó lè rọ́pò rẹ̀, títí kan góòmù sìtéè tí wọ́n ń fi áyọ́ọ̀nù lẹ̀ mọ́ aṣọ, nítorí èyí máa ń wú bí omi bá kàn án.

Ihò okùn wá ńkọ́? Ẹ má lo ihò onírin tí a ń fi òòlù kàn. Ọ̀rúndún kọkàndínlógún ni ìyẹn, ojú á sì mọ̀ ọ́n láti òkèèrè. Ẹ mú irin ẹlẹ́nu ṣóńṣó, irú èyí tí àwọn oníṣẹ́ awọ fi ń lu bàtà, kí ẹ fi ti òwú aṣọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ láìgé e. Ihò tí a gé máa ń ya. Èyí tí a tì máa ń lágbára sí i. Ẹ wá fi òwú tó le yí etí ihò náà ká, kí ẹ máa fà á le. Ihò kan sí èkejì jẹ́ bí ínṣì kan. Okùn kan ṣoṣo ni, ó ń lọ ní ìdàgẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀ dé òkè, kò ní ìbú méjì tó ń gbara wọn kọjá bí okùn bàtà. Ẹ so orí rẹ̀ kan pa nísàlẹ̀. Kí ihò àkọ́kọ́ ní apá kan ga díẹ̀ ju ti apá kejì lọ, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, etí méjèèjì kò ní bára dọ́gba.

Síkẹ́ẹ̀tì rọrùn láti rán, ó sì gba aṣọ. Níbí ni ínṣì 23 yẹn ti máa wúlò. Bí aṣọ yín bá fẹ̀ ní 60, ẹ fi ṣọ́ọ̀kì pín in: 23, 23, ó ku 14 fún ọwọ́ aṣọ àti ìrépé. Ẹ tò ó bíi pé ahunṣọ Florence ló hun ún. Odindi ìbú kan wà láàárín iwájú, òmíràn wà láàárín ẹ̀yìn, èyí tó gùn sí i kó lè wọ́lẹ̀. Láti mú ìsàlẹ̀ fẹ̀ láìjẹ́ pé ìbàdí kún, ẹ mú ìbú mìíràn, kí ẹ gé e láti igun dé igun. Onígun mẹ́ta méjì gígùn ló máa di, kò sì sí èyí tó ṣòfò nínú rẹ̀. Ẹ rán wọn mọ́ ẹ̀gbẹ́ àwọn odindi náà. Bí ẹsẹ̀ síkẹ́ẹ̀tì bá kúrú ní igun kan, ẹ lẹ ìrépé mọ́ ọn. Ojú yóò ti àwọn kan nínú wa láti lẹ aṣọ ayẹyẹ. Ojú kò ti télọ̀ àwọn Medici.

Ẹ kíyè sí ohun kan o. Nínú onígun mẹ́ta méjì yẹn, ọ̀kan á dorí kodò. Lára aṣọ tí kò ní iṣẹ́, kò léwu. Lára àrán, irun rẹ̀ á dojú kọ òkè ní apá kan, á sì dojú kọ ìsàlẹ̀ ní apá kejì, àwọ̀ méjì lojú á máa rí. Lára gíní tí òdòdó rẹ̀ ní orí àti ìdí, òdòdó á máa ṣubú ní ẹ̀gbẹ́ kan. Nítorí náà ni mo ṣe ní kí ẹ ra aláwọ̀ kan tí iṣẹ́ rẹ̀ kò ní òkè tàbí ìsàlẹ̀. Ìkìlọ̀ yìí nìkan lè gba ẹlòmíràn lọ́wọ́ àdánù yáàdì mẹ́wàá.

Ẹ ká etí òkè síkẹ́ẹ̀tì sínú, kí ẹ ṣẹ́ ẹ ní pílíìtì. Kí iwájú tẹ́, kí pílíìtì pọ̀ ní ẹ̀gbẹ́, kó sì pọ̀ jù lẹ́yìn. Ẹ fi ọwọ́ rán an mọ́ etí ìsàlẹ̀ àyà kábà, pílíìtì kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀. Ìdí tí wọ́n ṣe ń fi ọwọ́ so ó bẹ́ẹ̀ ni kó lè rọrùn láti tú nígbà tí aṣọ bá gbó ní abíyá tí síkẹ́ẹ̀tì ṣì dára. Wọ́n á yọ síkẹ́ẹ̀tì náà, wọ́n á fi rán aṣọ ọmọ, tàbí aṣọ àlùfáà.

Ọwọ́ kábà dá dúró. A fi okùn kéékèèké so ó mọ́ èjìká, okùn tí wọ́n fi irin tẹ́ẹ́rẹ́ dé lórí kó lè rọrùn láti kì bọ ihò. Nítorí èyí, obìnrin kan lè ní kábà kan àti ọwọ́ aṣọ oríṣi mẹ́ta. Nínú àwòrán Bronzino ẹ ó rí i pé ara ọwọ́ náà là, funfun ṣìmí sì ń yọ jáde ní púúpùú láti ibẹ̀. Ẹ ti rí ìdí tí ọwọ́ ṣìmí wa fi fẹ̀ ní ínṣì 24 báyìí. Ní ti àwọ̀n wúrà orí èjìká, ẹni tó bá mọ iṣẹ́ ìlẹ̀kẹ̀ á fi okùn aláwọ̀ wúrà àti ìlẹ̀kẹ̀ funfun ṣe é ní ìrọ̀rùn. Mi ò ní pẹ́ níbẹ̀.

Ìbéèrè kan wà tí wọ́n máa ń bi mí níbi gbogbo: ṣé dandan ni kí a fi ọwọ́ rán an? Ọdún 1846 ni Elias Howe gba ìwé ẹ̀tọ́ ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà, nítorí náà kò sí ẹ̀rọ kankan tó kan aṣọ Eleonora. Èrò tèmi ni pé ojú rírán gígùn tó wà nínú síkẹ́ẹ̀tì, ẹ lè fi ẹ̀rọ sáré e. Ẹnikẹ́ni kò ní rí i. Àmọ́ gbogbo ohun tó bá hàn lójúde, ihò okùn, ọ̀já àrán, pílíìtì, ìṣẹ́tí, kí ọwọ́ rán an. Ẹ̀rọ máa ń fa òwú lọ́gbọọgba, aṣọ á sì dúró gan. Abẹ́rẹ́ ọwọ́ máa ń fún aṣọ láyè láti mí. Ẹ fi ìda oyin ra òwú yín kí ẹ tó kì í bọ abẹ́rẹ́. Kò ní lọ́, kò ní tètè já.

Ìṣẹ́tí ló máa kẹ́yìn. Kí ẹni tó ni aṣọ wọ bàtà tó máa wọ̀ lọ́jọ́ náà, kó wọ ṣìmí, kó wọ kábà, kí ẹlòmíràn fa okùn ẹ̀gbẹ́ méjèèjì fún un. Òun fúnra rẹ̀ kò lè dá a fà. Kó rìn yí ilé ká fún ìgbà díẹ̀ kó tó dúró, nítorí àyà kábà máa ń sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀ bí ara bá ti gbóná. Ìgbà yẹn ni kí ẹ wá wọn etí ilẹ̀.

Ìyá kan níwájú níbí ti béèrè bí a ṣe ń tọ́jú rẹ̀. Ẹ ṣeun, mà. Ṣìmí, ẹ fọ̀ ọ́ bí ẹ ṣe ń fọ aṣọ funfun. Kábà, ẹ má fi omi kàn án. Ẹ tẹ́ inú rẹ̀ síta níbi tí afẹ́fẹ́ wà, kì í ṣe nínú oòrùn gangan. Ẹ má sì fi kọ́. Ìwúwo síkẹ́ẹ̀tì á máa fa èjìká títí yóò fi nà. Àpótí ni àwọn ará Florence ń kó o sí, ní títẹ́ gbalaja, ọwọ́ aṣọ lọ́tọ̀, okùn lọ́tọ̀. Bí àpótí yín kò bá gùn tó, ẹ ká síkẹ́ẹ̀tì náà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kí ẹ sì fi aṣọ òwú sáàárín ibi tó ká.